Bí a ṣe ń fi fíìmù yẹ ìwọ̀n ìtànṣán wò kí ìtọ́jú jẹjẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀

Àwòrán aláràbarà tí kọ̀ǹpútà ìṣètò ìtọ́jú máa ń yà, tí ó ń fi ibi tí ìtànṣán yóò ti pọ̀ àti ibi tí yóò ti kéré lára aláìsàn hàn, kò ju ìṣirò lọ títí a ó fi wọ̀n ọ́n. Nínú ìtọ́jú òde òní tí wọ́n ń pè ní IMRT àti VMAT, níbi tí a ti ń mú kí ìtànṣán bá ìrísí kókó jẹjẹrẹ mu, àwọn ewé irin (MLC) tó wà lẹ́nu linac, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń tú ìtànṣán jáde, kì í dúró sójú kan bí ìtànṣán ti ń jáde, ìwọ̀n ìtànṣán sì lè já wálẹ̀ sí ìdajì láàárín mílímítà díẹ̀, nítorí pé kókó jẹjẹrẹ fara ti ọ̀pá ẹ̀yìn tàbí ti iṣan ojú. Ion chamber, ohun èlò ìwọ̀n tí a gbẹ́kẹ̀ lé jù láti sọ iye ìtànṣán, ojú kan ṣoṣo ló ń wọ̀n. Àwọn pátákó olójú púpọ̀ ń wọ̀n ibi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n àlàfo wà láàárín ojú kan sí èkejì. Fíìmù kò ní àlàfo. Gbogbo ibi tí ìtànṣán bá kàn lára rẹ̀ ló ń ṣú, bí ìtànṣán bá sì ṣe pọ̀ tó níbẹ̀ ni yóò ṣe ṣú tó.

Àléébù rẹ̀ ni pé kì í sọ iye. Skánà ló ń ka bí ó ṣe ṣú tó, àwa la sì ń sọ ìkà náà di Gray (Gy), òṣùwọ̀n tí a fi ń ka iye ìtànṣán tí nǹkan gbà, nípa fífi í wé àwọn fíìmù mìíràn tí a ti mọ iye ìtànṣán tí wọ́n gbà. Nítorí náà, ìlànà kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ gbogbo ohun tí ẹ ó kà nísàlẹ̀ yìí: bí ẹ bá ti ṣe fíìmù òṣùwọ̀n gan-an ni kí ẹ ṣe fíìmù àyẹ̀wò, láti orí bí ẹ ṣe gé e dé orí wákàtí tí ẹ fi dúró kí ẹ tó kà á. Níbi tí àwọn méjèèjì bá ti yàtọ̀, ìyàtọ̀ náà yóò jáde bí ẹni pé ìtànṣán ló fà á.

Fíìmù tí ó yẹ ká lò

Fíìmù àtijọ́ tó ní fàdákà nínú, tí a ní láti fi kẹ́míkà fọ̀ nínú òkùnkùn, ti ń kógbá wọlé. Yàtọ̀ sí pé ẹ̀rọ ìfọ-fíìmù ti ṣọ̀wọ́n, nọ́ńbà átọ́ọ̀mù fàdákà jẹ́ 47, èyí tó mú kí fíìmù náà máa gba ìtànṣán tí agbára rẹ̀ kéré ju bí ara ènìyàn ti ń gbà á lọ. Níbi tí ìtànṣán àfọ́nká bá ti pọ̀, ó máa ń ṣú ju bó ti yẹ lọ. Bí ilé ìwòsàn yín bá ṣì ń lò ó, ìròyìn TG-69 tí AAPM, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ físíìsì ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 2007 ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Fíìmù radiochromic, tó ń ṣú fúnra rẹ̀ láìsí kẹ́míkà ìfọ, ni ìtọ́sọ́nà yìí dá lé lórí, èyí tí AAPM kọ ìlànà rẹ̀ sínú TG-55 ní 1998, tí wọ́n sì tún un ṣe nínú TG-235 ní 2020. Nínú Gafchromic EBT3, tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn mọ̀, ìpele kan tí nínípọn rẹ̀ tó máíkírómítà 28 wà láàárín polyester méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn tó máíkírómítà 125. Nínú ìpele yẹn ni àwọn kírísítálì tín-ín-rín gígùn wà. Bí ìtànṣán bá kàn wọ́n, àwọn èròjà inú wọn á so mọ́ ara wọn di polima, àwọ̀ wọn á sì di búlúù ṣíṣú. Ìmọ́lẹ̀ pupa, ní nǹkan bí nánómítà 635, ni wọ́n máa ń gbà sára jù, ìdí nìyí tí a fi máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ pupa nígbà tí a bá ń ka fíìmù náà.

Fún ètò tí ìwọ̀n rẹ̀ kò kọjá nǹkan bí Gy 10, EBT3 tó. Fún ìtọ́jú olójú kékeré tí a ń fúnni ní ìwọ̀n ńlá lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mélòó kan, ìyẹn SRS àti SBRT, EBT-XD ló yẹ, nítorí pé ó wúlò dé nǹkan bí Gy 40. Ẹni tó bá ń fi proton ṣe ìtọ́jú gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ní góńgó Bragg, níbi tí proton ti ń dúró, fíìmù kì í ṣú tó bó ti yẹ.

Mímú, sísàmì àti gígé

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tí kò ní lúùlúù, etí fíìmù nìkan sì ni kí ẹ máa dì mú. Fíìmù yìí kò nílò yàrá òkùnkùn, ṣùgbọ́n oòrùn máa ń mú un ṣú, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ó wà nínú páálí rẹ̀, níbi tí ooru kò ti kọjá 25°C, kí ó má sì jáde síta ju ìgbà tí iṣẹ́ fi nílò rẹ̀ lọ.

Kí ẹ tó fi ọ̀bẹ kàn án, ẹ fi bírò tí kì í parẹ́ sàmì sí igun òkè apá ọ̀tún gbogbo ègé tí ẹ fẹ́ gé. Bébà fíìmù kan jẹ́ 20.3 × 25.4 cm, àwọn kírísítálì inú rẹ̀ sì sùn sí ìhà kan náà, débi pé ìmọ́lẹ̀ skánà kì í fọ́nká bákan náà bí a bá dá fíìmù náà nàró tàbí bí a bá fi í dá bùú. Bí ẹ bá yí ègé kan ní ìwọ̀n ìgun 90, ìkà rẹ̀ yóò yí padà láìjẹ́ pé ìtànṣán kankan kún un. Ègé onígun mẹ́rin tí ìhà rẹ̀ dọ́gba, tí kò sì ní àmì, kò ní bí a ṣe lè mọ ìhà tó jẹ́ òró tẹ́lẹ̀, ẹ ó sì kúkú jù ú nù ni. Ẹ kọ nọ́ńbà ègé, ọjọ́, àti nọ́ńbà lot (tó ń fi àwọn fíìmù tí ilé iṣẹ́ ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan hàn) tó wà lára páálí sí igun kan náà.

Ọ̀bẹ tó mú tàbí ẹ̀rọ ìgébébà ni kí ẹ fi gé e. Sísọ́ọ̀sì tó kú máa ń ya àwọn ìpele fíìmù kúrò lára ara wọn, ẹ ó sì rí i bí ìlà tó funfun díẹ̀ tó ń wọlé láti etí. Ẹ má ṣe ka ohunkóhun láàárín mílímítà 5 sí etí, ó kéré tán.

Fíìmù òṣùwọ̀n

Páálí tí nọ́ńbà lot rẹ̀ bá yàtọ̀ gbọ́dọ̀ ní òṣùwọ̀n tirẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi ion chamber wọn ohun tí linac ń tú jáde lọ́jọ́ náà gan-an, gẹ́gẹ́ bí ìlànà TRS-398 ti IAEA, àjọ àgbáyé fún agbára átọ́ọ̀mù, tàbí TG-51 ti AAPM. Ẹ má ṣe gbára lé iye tí ó yẹ kí ẹ̀rọ náà tú jáde. Linac lè fi ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún ga jù lọ́jọ́ kan láìrú òfin kankan, ṣùgbọ́n ìlà òṣùwọ̀n yín, èyí tó ń sọ ìkà di Gray, yóò máa ru àṣìṣe yẹn kiri ní gbogbo àsìkò tí ẹ ó fi lo páálí náà.

Ẹ tẹ́ solid water, ìyẹn pátákó tó ń gba ìtànṣán bí omi, tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10 sísàlẹ̀ kí ìtànṣán tó ń fọ́n padà láti ẹ̀yìn lè pé, ẹ fi ègé fíìmù lé e, kí ẹ sì fi sẹ̀ǹtímítà 5 bò ó lórí, pẹ̀lú ojú ìtànṣán 10 × 10 cm. Bí ìwọ̀n tó ga jù nínú ètò tí ẹ fẹ́ yẹ̀ wò bá jẹ́ Gy 5, ẹ jẹ́ kí òṣùwọ̀n dé Gy 6. Ẹ sún àwọn ìwọ̀n mọ́ra nísàlẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n jìnnà síra lókè, irú bíi Gy 0, 0.25, 0.5, 1, 1.5, 2, 3, 4.5 àti 6, nítorí pé ìsàlẹ̀ ni àwọ̀ pupa ti ń yí padà kíákíá jù. Ègé Gy 0 kì í ṣe èyí tí a ń fi ojú kékeré wò. Láti inú bébà kan náà ni kí ẹ ti gé e, kí ó sì bá àwọn yòókù rìn dé gbogbo ibi tí wọ́n bá dé, àyàfi inú yàrá ìtànṣán, nítorí òun ni a ó fi gbogbo wọn wé.

Fífún phantom ní ìtọ́jú aláìsàn

Ẹ gbé ètò aláìsàn sórí àwòrán CT phantom, ìyẹn ohun tí a fi dípò ara aláìsàn nígbà àyẹ̀wò, kí ẹ sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tún ìṣirò ṣe pẹ̀lú àlàfo ìṣirò tí kò ju mílímítà 2 lọ. Ẹ fi ibùsùn ìtọ́jú kún ìṣirò náà, nítorí ìtànṣán tó bá gba abẹ́ ibùsùn wọlé máa ń dín kù. Ẹ yan ibi tí fíìmù yóò gbà kọjá pẹ̀lú ìdí: bí ohun tó ń bani lẹ́rù bá jẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, fíìmù tó la àárín kókó àti ọ̀pá ẹ̀yìn kọjá yóò sọ ohun tí èyí tó kàn dùbúlẹ̀ sáàárín phantom kò lè sọ.

Ẹ tẹ phantom mọ́ fíìmù kí afẹ́fẹ́ má ṣe wà láàárín wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ sàmì sí etí fíìmù ní ojú mẹ́rin tí ìlà lésà gbà kọjá, tàbí kí ẹ fi abẹ́rẹ́ gún un níbi ihò tí a ti mọ̀ lára phantom. Àmì wọ̀nyí ni a ó fi gbé fíìmù lé ìṣirò lórí, ẹ sì ní láti fara balẹ̀ ṣe é: níbi tí ìwọ̀n ìtànṣán ti ń já wálẹ̀ kíákíá nínú ètò SRS, mílímítà 1 péré lè tó ìyàtọ̀ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún.

Kí ẹ tó kúrò nídìí ẹ̀rọ, ẹ fi ion chamber wọn ojú kan nínú phantom yẹn, níbi tí ìtànṣán ti tẹ́jú. Ní tèmi, fíìmù láìsí ion chamber kò pé, torí pé ọ̀kan ń sọ iye, èkejì ń sọ bí iye náà ṣe tàn ká.

Dídúró

Fíìmù kì í dẹ́kun ṣíṣú nígbà tí ìtànṣán bá dẹ́kun. Ìsomọ́ra tó ń mú un ṣú ń bá a lọ, kíákíá ní wákàtí àkọ́kọ́, díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn náà. Àṣà tó fìdí múlẹ̀ ni pé kí a dúró fún wákàtí 24, fíìmù òṣùwọ̀n àti fíìmù àyẹ̀wò bákan náà.

Nígbà mìíràn aláìsàn kò lè dúró. Ọ̀nà kan wà tí a fi lè ka fíìmù lọ́jọ́ kan náà: ẹ fi ègé kan tí ẹ mọ ìwọ̀n rẹ̀ àti ègé Gy 0 kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ fíìmù aláìsàn, kí ẹ ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì fi àwọn méjì tí ẹ mọ̀ náà tún ìlà òṣùwọ̀n tẹ́lẹ̀ ṣe. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ ni àkókò tó wà láàárín ìgbà tí fíìmù aláìsàn gba ìtànṣán àti ìgbà tí ègé yẹn gba tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìṣẹ́jú 10, ẹ dúró fún ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀, ìyẹn ìṣẹ́jú 40, ó kéré tán, kí ẹ tó kà wọ́n.

Skánà

Ibí ni ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò ti ń bàjẹ́, nítorí skánà jọ ohun èlò ọ́fíìsì lójú, àwọn ènìyàn kì í sì í ro pé ó yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún un bí ohun èlò ìwọ̀n. Ẹ tan án fún ìṣẹ́jú 30 kí ó gbóná, kí ẹ sì kà á lófìfo lẹ́ẹ̀mélòó kan. Ẹ nu gíláàsì rẹ̀. Ẹ yan ipò tí ìmọ́lẹ̀ ti ń la fíìmù kọjá, kì í ṣe èyí tó ń tàn padà. Ẹ yan àwọ̀ bit 48, tó fún pupa, ewé àti búlúù ní bit 16 lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ sì pa gbogbo ohun tó ń tún àwòrán ṣe láìjẹ́ kí ẹ mọ̀, ìbáà jẹ́ ìtúnwọ̀n àwọ̀ tàbí ìpa-eruku-rẹ́. Dpi 72 ń fún yín ní píksẹ́ẹ̀lì mílímítà 0.35, ó sì tó fún iṣẹ́ púpọ̀. Dpi 150 dára fún kókó kéékèèké. TIFF ni kí ẹ fi pa á mọ́, nítorí JPEG ń ju apá kan ìkà náà nù.

Ẹ gé páálí kan tí ihò wà láàárín rẹ̀ kí gbogbo fíìmù lè máa bọ́ sójú kan náà lórí gíláàsì, kí ẹ má sì jẹ́ kí páálí náà bo apá tí skánà fi ń tún ara rẹ̀ wọ̀n ní ìbẹ̀rẹ̀ ìkà. Ẹ fi gíláàsì tó mọ́ kedere, tó nípọn tó mílímítà 3, tẹ fíìmù mọ́lẹ̀, nítorí fíìmù tí etí rẹ̀ ká sókè ń sún mọ́ iná ju àárín rẹ̀ lọ, ìkà ibẹ̀ á sì yàtọ̀. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ẹ ju ti àkọ́kọ́ nù, kí ẹ wá ìpíndọ́gba mẹ́ta yòókù.

Àléébù tó le jù ni ti ẹ̀gbẹ́. Bí fíìmù bá ti ń jìnnà sí àárín skánà sí ọ̀tún tàbí sí òsì, ní ìhà tó dá ìrìn iná skánà bùú, fíìmù náà á dà bí ẹni tó ṣú sí i, àṣìṣe náà á sì máa ga bí ìwọ̀n ìtànṣán ti ń ga. Láàárín gbùngbùn kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n fún ìwọ̀n gíga ní ẹ̀gbẹ́ skánà ńlá, ó lè kọjá ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Fíìmù kékeré tí a gbé sáàárín kò ní ìṣòro. Fún fíìmù ńlá, ẹ ní láti wọn àṣìṣe skánà yín fúnra rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ègé tí ẹ mọ ìwọ̀n wọn, tí ẹ ń sún wọn láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, kí ẹ sì fi ohun tí ẹ bá rí tún ìkà ṣe.

Láti ìkà dé Gray

Ẹ mú ìkà àwọ̀ pupa fún ègé Gy 0, ẹ fi ìkà ègé tó gba ìtànṣán pín in, kí ẹ sì mú log10 èsì náà. Bí ègé Gy 0 bá fún yín ní 42,000, tí èyí tó gba ìtànṣán fún yín ní 26,500, ìpín náà jẹ́ 1.585, log10 rẹ̀ sì jẹ́ 0.200. Èyí ni àfikún ìṣú, tí a ń kọ ní netOD. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ègé òṣùwọ̀n, kí ẹ sì fa ìlà tó bá wọn mu: D = a·netOD + b·netODⁿ, níbi tí D ti jẹ́ ìwọ̀n ìtànṣán ní Gray. Àwọn mìíràn máa ń lo ìkà tààrà (X) nínú X = a + b/(D − c), èmi pẹ̀lú sì fẹ́ràn rẹ̀, nítorí pé ó ń tẹ̀ bí fíìmù fúnra rẹ̀ ṣe ń tẹ̀. Ẹ yẹra fún polynomial alágbára ńlá: ó máa ń kan gbogbo ojú òṣùwọ̀n dáadáa, á sì máa jó lọ jó bọ̀ láàárín wọn.

Lẹ́yìn náà ẹ dán ìlà náà wò. Ẹ fún ègé kan ní ìwọ̀n tí kò sí nínú òṣùwọ̀n, bíi Gy 2.5, kí ẹ sì wo ohun tí ìlà yóò sọ. Bí ó bá fi ju ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀, ẹ má tíì ka fíìmù aláìsàn kankan.

Ní 2011, Micke, Lewis àti Yu ṣàlàyé bí a ṣe lè lo àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ìwọ̀n ìtànṣán kan ṣoṣo ló wà ní ojú kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ó yẹ kí pupa, ewé àti búlúù fẹnu kò lórí rẹ̀; ibi tí wọn kò bá ti fẹnu kò, nínípọn fíìmù tàbí skánà ló ń ṣe é, a sì lè yọ ọ́ kúrò. Pupa ló ń ríran jù ní ìwọ̀n kékeré, ewé ló dára jù lókè nǹkan bí Gy 8 sí 10, búlúù sì ni a fi ń mọ bí ìpele fíìmù ṣe nípọn tó. Bí ẹ bá ní sọ́fítíwìà tó ń ṣe èyí, ẹ lò ó.

Fífi fíìmù wé ìṣirò

Ẹ fi àwọn àmì lésà gbé fíìmù lé ìṣirò lórí. Bọ́tìnì tó ń sún fíìmù fúnra rẹ̀ títí yóò fi bá ìṣirò mu kò yẹ kó jẹ́ ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí pé ó lè fi àṣìṣe ipò tí ẹ ń wá pamọ́. Bákan náà ni èyí tó ń ga tàbí tó ń rẹ iye fíìmù sílẹ̀ kó lè dọ́gba pẹ̀lú ètò.

Ìdánwò gamma, tí Low àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kalẹ̀ ní 1998, ń wo ìyàtọ̀ iye àti ìyàtọ̀ ipò pọ̀; ojú tí gamma rẹ̀ kò bá ju 1 lọ ti yege. TG-218 ti 2018 ní kí a lo ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún àti mílímítà 2, kí a fi ibi tí ìwọ̀n rẹ̀ kò tó ìdá 10 sílẹ̀, kí ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ojú yege, kí a sì gbé ìgbésẹ̀ bí wọn kò bá tó 90. Ẹ jẹ́ kí fíìmù jẹ́ ìpìlẹ̀, kí ìṣirò sì jẹ́ èyí tí a ń yẹ̀ wò, nítorí bí a bá yí i padà, ariwo inú fíìmù, ìyẹn ìyípadà kéékèèké tí ìtànṣán kò fà, á máa mú kí ojú tó yẹ kó kùnà yege.

Ẹ má ṣe dúró lórí ìdá tó yege. Ẹ fa ìlà la àárín kókó àti la ẹ̀yà ara tó wà nínú ewu kọjá, kí ẹ sì wo bí ìlà fíìmù àti ti ìṣirò ṣe bára mu. Bí fíìmù bá ga tàbí bó bá rẹlẹ̀ bákan náà níbi gbogbo, ẹ wo ìtújáde linac, wákàtí ìdúró, àti nọ́ńbà lot. Bí gbogbo etí bá sún sí ìhà kan náà, ìgbékalẹ̀ ni. Bí etí méjèèjì bá gbòòrò tàbí tí wọ́n bá dín, àwọn ewé irin MLC ni kí ẹ fura sí. Ojú kéékèèké tó dá wà sábà máa ń jẹ́ eruku tàbí ìka ọwọ́.

Bí ìdàgẹ̀rẹ̀ kan bá wà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, tí ẹ kò sì mọ̀ bóyá skánà ni tàbí ìtànṣán, ẹ yí fíìmù ní ìwọ̀n ìgun 180, kí ẹ sì tún un kà. Àwọn kírísítálì á ṣì dojú kọ ìhà kan náà, nítorí náà yíyí yẹn fúnra rẹ̀ kò ba ìkà jẹ́. Ìdàgẹ̀rẹ̀ tó bá bá fíìmù yí jẹ́ ti ìtànṣán tàbí ti fíìmù. Èyí tó bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ skánà kan náà jẹ́ ti skánà.

Fíìmù tí a ṣe dáadáa kì í péye ju ìdá 2 sí 3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, nítorí náà ìyàtọ̀ ìdá 2 lórí fíìmù nìkan kò tó láti dá ètò kan lẹ́bi. Bí fíìmù bá kùnà, tí ion chamber sì gbà pẹ̀lú ètò, ẹ tún fíìmù ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ègé tuntun. Ṣùgbọ́n bí ion chamber àti fíìmù bá jọ ta ko ìṣirò, ètò náà kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ aláìsàn títí ẹ ó fi mọ ohun tó fà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtọ́jú á fi ọjọ́ kan tàbí méjì pẹ́. Ẹ fi fíìmù náà sínú àpòòwé dúdú, kí ẹ fi TIFF rẹ̀ tí a kò tíì tún ṣe, nọ́ńbà lot, wákàtí ìtànṣán àti wákàtí ìkà pa mọ́ pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹlòmíràn tó bá fẹ́ tún iṣẹ́ náà yẹ̀ wò lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ̀yin ti bẹ̀rẹ̀.